Orúkọ gbajúmọ̀ lára bọ́ọ̀lù àtijọ́: ọwọ́ ló kọ ọ́ ni, àbí òǹtẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ kí àgbàlagbà kú, kí àwọn ọmọ tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ sì bá bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan nínú àpótí, tí orúkọ bí ogún wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù ni, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù aláwọ. Inú wọn á dùn, wọ́n á ní ọlà ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e lọ bá ẹni tó mọ iye rẹ̀, onítọ̀hún á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní: “Òǹtẹ̀ ni o.”

Kí ló túmọ̀ sí? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù ìrántí ní pápá ìṣeré. Wọ́n á mú àwòṣe ìbuwọ́lù gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọdé á sì rà á lọ sílé. Wọn kò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ wo tàdáwà rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kọ ọ́, ẹnì kan á tẹ bíìrò mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn á rọra kọ ọ́, àwọ̀ wọn kò ní dọ́gba. Ti òǹtẹ̀ máa ń dọ́gba láti orúkọ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí ẹ bá sì rí méjì irú rẹ̀, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kò sí ẹni tó lè buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì kó rí bákan náà délẹ̀délẹ̀.

Orúkọ ló tún ń sọ ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ Dodgers ti Brooklyn ṣe àpẹẹrẹ. Jackie Robinson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣílẹ̀kùn líìgì ńlá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1947, gbá bọ́ọ̀lù fún wọn títí di 1956. Sandy Koufax dé ní 1955. Bí orúkọ àwọn méjèèjì bá wà lára bọ́ọ̀lù kan, ti 1955 tàbí 1956 ni. Ọdún 1955 sì ni Brooklyn kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ ńlá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó ohun ìrántí jọ fi ń wá ti ọdún náà.

Láyé àtijọ́, bọ́ọ̀lù tí líìgì fi ń ṣeré gan-an pàápàá máa ń ní òǹtẹ̀ ìbuwọ́lù ààrẹ líìgì lára. Warren Giles di ààrẹ líìgì National ní 1951, ṣùgbọ́n ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù nì, Babe Ruth, ti kú ní 1948. Bí ẹnì kan bá wá ní Ruth fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sára bọ́ọ̀lù tó ní òǹtẹ̀ Giles, a jẹ́ pé òkú ló buwọ́ lù ú.

Ní ti owó, bọ́ọ̀lù tí Ruth buwọ́ lù ní tòótọ́ ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Púpọ̀ nínú ti òǹtẹ̀ kì í tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Èyí tó mọ́, tí orúkọ ara rẹ̀ ṣì hàn, tí páálí rẹ̀ ṣì wà, ló ń níye lórí jù. Kí olówó rẹ̀ má fi omi fọ̀ ọ́, kó má sì gbé e sínú oòrùn.

Àyàfi ẹnu òǹtajà ló ń sọ ọ́ di irọ́. Ní 1999, àwọn ọlọ́pàá FBI ya wọ ilé àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù. Lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní Mother Teresa buwọ́ lù!

Àwa tí à ń ná ọjà ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ kì í di asán nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ọmọ tó bá pè é ní òǹtẹ̀, tó sì tà á ní òǹtẹ̀, kò ní sá fún oníbàárà lọ́la.