Ìfura Láàárín Tọkọtaya

Àwọn bàbá wa ní ìfura lòògùn àgbà. Ṣùgbọ́n bí àlè bá ti wọ àárín tọkọtaya, oògùn náà a di májèlé. Aya a máa tú àpò ẹ̀wù ọkọ, ọkọ a máa ṣọ́ ìrìn aya. Ìbànújẹ́ a sì hàn lójú àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1960, òfin ìwà ọ̀daràn Àríwá Nàìjíríà sọ àgbèrè di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n fún àwọn tí àṣà wọn kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ti Gúúsù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n kì í dá ìgbẹ́kẹ̀lé padà.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹni tí ó ṣẹ̀ jẹ́wọ́, kí ẹni tí ó ń fura béèrè lójúkojú. Àwa tí à ń béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé.