Oró inú Ẹ̀gẹ́ àti Ọgbọ́n inú Gàrí

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé kò dára kí a da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sí ibi tí ewúrẹ́ lè dé. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa lè jẹ ẹ́ yó, kí ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni a rin, tí a fún, tí a yan, tí ó di gàrí tí onílé àti àlejò jọ ń jẹ. Ibi tí oró náà ti wá, àti ọ̀nà tí ó gbà lọ, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí olùkọ́ lè fi la ẹ̀kọ́ nípa àwọn àpòpọ̀ oníkábọ̀n yé akẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ pé ó kúrò ní ẹ̀yìnkùlé.

Àpòpọ̀ oníkábọ̀n ni àwọn ohun tí kábọ̀n jẹ́ eegun ẹ̀yìn wọn. Kábọ̀n yìí ni ó pọ̀ jù nínú èédú. Átọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tí ó ní ọwọ́ 4. Ó lè na ọwọ́ wọ̀nyí sí háídírójìn, ọ́síjìn tàbí náítírójìn. Ó sì tún lè di kábọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, títí tí wọn yóò fi gùn bí ẹ̀wọ̀n tàbí kí wọ́n ká bí òrùka. Ìdí nìyí tí ṣúgà, epo pupa, òwú, purotéènì inú ẹran àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oògùn fi jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà.

Nígbà kan, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ohun ẹlẹ́mìí nìkan ni ó lè ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1828, Friedrich Wöhler, ará Jámánì, gbìyànjú láti ṣe iyọ̀ kan tí ń jẹ́ ammonium cyanate, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni urea, èròjà tí ó wà nínú ìtọ̀. Kò sí kíndìnrín ènìyàn tàbí ti ẹranko níbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni èrò àtijọ́ náà kú, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì. Ní 1837, Wöhler àti Justus Liebig tún fi hàn pé oró tí ó wà nínú kóró álímọ́ńdì kíkorò so mọ́ ṣúgà, àti pé ohun mìíràn tí ó wà nínú kóró náà ni ó ń tú u sílẹ̀. Irú ohun tí wọ́n rí yìí ni ó wà nínú ẹ̀gẹ́.

Linamarin ni orúkọ ti inú ẹ̀gẹ́. Kábọ̀n 10, háídírójìn 17, ọ́síjìn 6 àti náítírójìn 1 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Ní apá kejì ni sáyánáìdì fara pamọ́ sí, ìyẹn kábọ̀n kan àti náítírójìn kan tí wọ́n di ara wọn mú pinpin. Nínú gbòǹgbò tí a kò tí ì fọwọ́ kàn, kò sí ìjà. Linamarin wà ní tirẹ̀, linamarase, ẹ́ńsáìmù tí ó lè tú u, wà ní tirẹ̀, bí àpótí àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí a fi pamọ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí eyín ewúrẹ́ bá fọ́ ògiri àárín wọn ni kọ́kọ́rọ́ wọ àpótí. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin tí ń rin ẹ̀gẹ́ ń fọ́ ògiri kan náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sí i. Bí ó ti ń rin ín ni linamarin ń tú. Bí ó ti kó o sínú àpò tí ó sì gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ ń gbé apá kan oró náà lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kan. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, tí wọ́n ń sọ pé kíkan ni ó pa oró náà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí linamarin bá kọ́kọ́ já, ó máa ń fi èròjà kan sílẹ̀ tí sáyánáìdì ṣì so mọ́, èròjà yìí kì í sì í fẹ́ já nínú ohun tí ó kan. Iná abẹ́ agbada ni ó ń já a. Àsíìdì tí ó ń jáde lára rẹ̀ ń hó ní ìwọ̀n ooru 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tí ọ̀sán ọjọ́ lásán ní Ìbàdàn sábà máa ń jù lọ. Nítorí náà ó ń bá ooru agbada fò lọ, ó sì yẹ kí ibi tí a ti ń yan gàrí gba afẹ́fẹ́ dáadáa.

Èyí náà ni ó fà á tí ṣíṣe ẹ̀gẹ́ kíkorò ní gbígbó ńlá-ńlá nínú omi gbígbóná fi léwu ju bí a ti lérò lọ. Omi gbígbóná a pa ẹ́ńsáìmù kí ó tó pàdé linamarin, linamarin fúnra rẹ̀ kì í sì í fò lọ. Ilẹ̀ Brazil ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ sì ti ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, kí àwọn Potogí tó gbé e dé etíkun wa. Àwọn Àgùdà tí ó padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n gàrí kálẹ̀.

Kí ni sáyánáìdì ń ṣe nínú ara? Ó ń di irin tí ó wà nínú ẹ́ńsáìmù kan mú, ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn. Èémí ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò rí i lò. Bí ó bá kéré, ara ní ọ̀nà àtiyọ ọ́: yóò fi imí-ọjọ́ kún un, yóò di thiocyanate, yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Inú purotéènì ni ara ti ń rí imí-ọjọ́ náà. Ẹni tí ó ń fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ti ẹ̀bà lẹ́yìn ní ohun ìjà. Ẹni tí kò rí ju ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ṣíṣàn kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Thiocyanate náà kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀, nítorí ó ń dí áyódíìnì lọ́nà, ó sì lè dá kún gẹ̀gẹ̀.

Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ti Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan jáde nípa àìsàn tí ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ìrìn máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kí ojú àti etí sì máa ṣe bàìbàì. Ó tọ́ka sí oúnjẹ tí kò ju ẹ̀gẹ́ lọ. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ni ó tó fa àìsàn náà, iyàn náà kò sì tí ì parí. Ti Mozambique ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀. Ní 1981, ọ̀dá mú agbègbè Nampula. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró kí ó gbẹ dáadáa. Ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ, tí obìnrin àti ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn, ni ẹsẹ̀ wọn méjèèjì gan, tí kò sì tún nà mọ́. Konzo ni wọ́n ń pe àìsàn yìí ní Congo, ìyẹn ẹsẹ̀ tí a so.

Ìmọ̀ ìṣègùn tún ti sọ ọ̀tá yìí di ẹrú. Nínú fítámì B12, tí Dorothy Hodgkin fi ìrísí rẹ̀ hàn ní 1956, ni kóbáàtì kan jókòó sí. Irú fítámì náà kan, hydroxocobalamin, máa ń fi kóbáàtì yìí gbá sáyánáìdì mú, a sì ń fi í gba ẹ̀mí ẹni tí ó fa èéfín iná sínú. Fítámì B12 tí ọ̀pọ̀ ń gbé mì ní oníhóró ní sáyánáìdì tirẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní Congo, àwọn abúlé kan ti ń lo ọgbọ́n mìíràn báyìí láti dènà konzo. Obìnrin a po omi mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, a sì tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ tínrín fún wákàtí 2 nínú oòrùn tàbí wákàtí 5 lábẹ́ ibòji. Omi náà ni ó mú ẹ́ńsáìmù tí ó ṣẹ́ kù pàdé linamarin tí ó ṣẹ́ kù. Afẹ́fẹ́ a gbé sáyánáìdì lọ, obìnrin náà a sì ro oúnjẹ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.