Kí Ẹ Tó Sọ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́ Kalẹ̀
Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ra Mustang 1966 tàbí Chevelle 1970, tó gbé e sí gáréèjì rẹ̀ ní Bowie, Lanham tàbí Upper Marlboro, tó sì fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò kó fi èyí tí wọ́n ṣe láìpẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó wà fún mẹkáníìkì tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wa tó ti Nàìjíríà wá kò ka pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sí bàbàrà. Ẹni tó bá ti dé Ládípọ̀ ní Múṣin rí mọ̀ bí ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ṣe ń wọ inú ọkọ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì irú kan náà ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò ara wọn. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń darí ni ẹ fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọkọ̀ rárá.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ tún bíréèkì àti ọ̀nà epo ṣe kí ẹ tó náwó lé ẹ́ńjìnnì lórí, kí ẹ sì ti mọ irú nọ́ńbà tí ọkọ̀ náà máa gbé kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.

Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n ń gbé sí i?

Ọdún 1955 ni Chevrolet gbé V8 tí wọ́n ń pè ní small-block jáde, ó sì pẹ́ púpọ̀ lójú títì. Lọ́dún 1997, wọ́n gbé LS1 sínú Corvette: lítà 5.7, agbára ẹṣin 345, ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Ìran rẹ̀ ló wá di ààyò àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ìbátan rẹ̀ onírin, 4.8 àti 5.3, wà nínú Silverado àti Tahoe, a sì máa ń rí wọn rà ní àgbàlá ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Ford ní Coyote, lítà 5.0, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mustang 2011. Chrysler ní Hemi 5.7 láti 2003. Coyote fẹ̀ gan-an lórí. Ihò ẹ́ńjìnnì Mustang àtijọ́ kò fẹ̀, nítorí ilé ṣọ́ọ̀kù ti gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Èrè rẹ̀ kò fara sin. Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń dáhùn ní òwúrọ̀ oṣù Kínní láìsí pé ẹ ń bá kábúrétọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó tún bá epo òde òní mu: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1996 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti yọ òjé kúrò nínú epo ọkọ̀ ojú títì, bẹ́ẹ̀ òjé yẹn ló ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìpolówó àtijọ́ tàn yín. Títí di 1971, wọ́n máa ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, láìsí sàlénsà, láìsí àwọn nǹkan tó ń jẹ agbára nínú ọkọ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnnì LT-1 ti Corvette tí wọ́n pè ní agbára ẹṣin 330 lọ́dún 1971 di 255 lọ́dún 1972. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn, ìwọ̀n tuntun ló mú un wá. Ìwọ̀n tuntun yìí ni 345 ti LS1. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ 330 ti àtijọ́ tó sì fi 345 ti òde òní sí i ti fi agbára kún ọkọ̀ rẹ̀ ju bí nọ́ńbà ṣe fi hàn lọ. Bíréèkì ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Bíréèkì àti epo

Lóde ìnáwó, ariwo ẹ́ńjìnnì ni gbogbo èèyàn fi ń fọ́nnu. A kò tíì rí ẹni tó ń fi bíréèkì fọ́nnu. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1967 ni máásítà sílíńdà wọn jẹ́ ojú kan ṣoṣo. Bí ọ̀pá kan bá jò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa pàdánù bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà. Dúrọ́ọ̀mù ló sábà wà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì máa ń gbóná débi pé kò ní mú mọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ní Indian Head Highway mọ bí ẹ̀mí ṣe ń ṣòfò sí ojú títì yẹn. Ẹ fi máásítà olójú méjì sí i, kí ẹ fi díìsìkì síwájú, kí ẹ sì wo bẹ́líìtì: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1968 kì í sábà ní ti èjìká.

Epo ni ibi tí iná ti ń ṣẹ́yọ. Kábúrétọ̀ kì í sábà fẹ́ kí agbára tí epo fi ń wọlé ju psi 7 lọ, pọ́ọ̀mpù ara ẹ́ńjìnnì sì tó o. LS1 àti ìran rẹ̀ ń béèrè nǹkan bí psi 58. Rọ́bà epo àtijọ́ tó ti gbẹ kò lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú epo òde òní ti ń jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ̀nà epo láti táǹkì dé iwájú, ẹ lo rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì onínjẹ́kítọ̀, kí pọ́ọ̀mpù tuntun sì ní ohun tó máa pa á fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì. Ẹ má ṣe fi wáyà fo ohun tó ń pa á yìí kọjá.

Rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì síítìn àti wáyà kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ yóò rí wọn ṣe.

Òfin èéfín àti nọ́ńbà ọkọ̀

Iléeṣẹ́ EPA ló ń bójú tó òfin ìjọba àpapọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá gbé sínú ọkọ̀ tí òfin náà mú kò gbọdọ̀ dàgbà ju ọkọ̀ náà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ bá gbogbo ohun ìdènà èéfín rẹ̀ wọlé: kátálíìtìkì, sẹ́ńsọ̀ àti ìyókù. Ọdún 1968 ni òfin èéfín ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ tuntun. Chevrolet ti gbé àkójọpọ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní E-ROD, tí ẹ̀yà ìdènà èéfín rẹ̀ pé.

Prince George's wà lára àwọn county tí ọkọ̀ ti ń lọ fún àyẹ̀wò èéfín VEIP. Ọkọ̀ tó bá gbé nọ́ńbà Historic kì í lọ. Ṣùgbọ́n pé ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ yín wò kò sọ pé òfin EPA kò mú yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Nọ́ńbà Historic, ìpele L, wà fún ọkọ̀ àtijọ́ tí a kò yí padà púpọ̀ kúrò ní bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Nọ́ńbà Street Rod, ìpele N, wà fún ọkọ̀ tó ti pé ọdún 25 tí a sì ti yí padà gan-an. MVA, iléeṣẹ́ tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà ní Maryland, ló ń pinnu èyí tó kan yín. Méjèèjì jẹ́ ti àfihàn ọkọ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ àti ìrìn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè máa gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ìwé ọkọ̀ Nàìjíríà ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú. Ní Maryland, VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ni wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀. Ẹ má ṣe yọ àwo VIN láti ara ọkọ̀ kan sí òmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni.

Ilé, ara àti àyíká

Òfin county kò fàyè gba kí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, tàbí tí a ti tú palẹ̀, wà ní gbangba nínú ọgbà ilé. Ẹ gbé e sínú gáréèjì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tanná ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì, kódà bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní ṣíṣí. Carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn lókè.

Bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku rẹ̀. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì nù ún. Omi rédíétọ̀ máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Bí ọmọ bá tọ́ ọ wò, ẹ pe 1-800-222-1222 lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti dákú, 911 ni kí ẹ pè.

Epo ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá dà sí gọ́tà ojú títì ń ṣàn lọ sínú odò Anacostia tàbí Patuxent. Ẹ gbé e lọ sí Brown Station Road ní Upper Marlboro, níbi tí county ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn olùgbé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín àti àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì MVA ní Largo tàbí Beltsville, kí ẹ sì sọ ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ gbé sí i fún wọn. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ íńṣọ́ránsì yín pẹ̀lú, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀.