Ṣá ni o, kì í ṣe sá: ọ̀rọ̀ lórí gbígba ohùn àwo sínú kọ̀ǹpútà

Ní Ìkòyí-Ilé tiwa, lápá Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìtìjú ni kí Ẹ̀ṣọ́ gba ọgbẹ́ lẹ́yìn. Kó borí, tàbí kó kú sójú ogun. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan gba ìjálá inú àwo bàbá wa sínú kọ̀ǹpútà. Fáìlì náà mọ́ tónítóní, kò ta pàrà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ inú ìjálá náà sílẹ̀ fún mi. Àṣé níbi tí ọlọ́jàálá ti ní baba ńlá wa ṣá, "sá" lọmọ kọ. Akọni tó fi àdá ṣá èèyàn wá di ẹni tó sá! Mo tẹ́tí sí fáìlì náà, èmi náà ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èwo ni. Mo gbé àwo náà gan-an sórí ẹ̀rọ: ṣá ló dún, ketekete, láàárín gbogbo ariwo.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Afẹ́fẹ́ tó há láàárín ahọ́n àti àjà ẹnu ló ń dún nínú s àti ṣ, ti s sì ga ju ti ṣ lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, ariwo lásán ni méjèèjì, bíi ṣìì-ṣìì ara àwo. Tẹ́ ẹ bá ní kó yọ ariwo láìníwọ̀n, á bá kọ́ńsónáǹtì lọ. (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tó ń fi s pe ṣ, ẹ má bínú, ẹjọ́ tiyín kò kan kọ̀ǹpútà.)

Torí náà, ara àwo ni kẹ́ ẹ ti yọ ariwo. Ẹ fi omi mímọ́ àti aṣọ tó rọ̀ nù ún, kẹ́ ẹ máa tẹ̀lé ojú ìlà rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ti jẹ. Ẹ má ki wáyà ẹ̀rọ àwo bọ ihò gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà tààrà. Ìwọ̀nba millivolt díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń mú wá, àwọn tó gé àwo sì ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n fi kún ti òkè, ní ìlànà RIAA ọdún 1954. Phono preamp ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Audacity, ọ̀fẹ́ ni, ni mo fi ń gbà á: WAV, 24-bit, 44,100 hertz, kí ohùn tó le jù má kọjá -6 dB. Fáìlì àkọ́kọ́ yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Ẹ̀dà rẹ̀ lẹ lè tún ṣe, tàbí kẹ́ ẹ sọ di MP3 fún àwọn ará WhatsApp.

Iná ńkọ́? Mọ́tò ẹ̀rọ àwo mìíràn ń tẹ̀lé 50 hertz iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sì í dúró lójú kan. Bí àwo bá yára jù lọ́nà kan náà látòkè délẹ̀, kò burú púpọ̀: gbogbo ohùn á jọ gòkè, a ó ṣì mọ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ yàtọ̀, torí ìbáṣepọ̀ wọn la ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń yára tó tún ń falẹ̀, ohùn àárín lè dún bí òkè. Inverter lèmi ń lò.

Ọmọ náà ti tún un gbà. Àwo mọ́kànlá ló ṣì kù nínú àpótí.