Ilé gba àmì ẹ̀yẹ nílẹ̀ Ítálì, ìkejì ẹ̀ wó lulẹ̀ ní Mákòókó!

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìkìrun, tó gba Ìnísà kọjá títí dé Òkukù, yóò rí oríṣiríṣi ilé lọ́nà. Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí páànù ẹ̀ ti dípẹtà ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fowó kòkó kọ́ ń bẹ níbẹ̀, ilé búlọ́ọ̀kù tuntun tó ń dán yanran náà sì wà. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn mú èyí tó dáa jù, èwo ni yóò mú? Ọ̀pọ̀ yóò nawọ́ sí èyí tó ń dán. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mákòókó, l'Ékòó, lọ́dún 2016 fi hàn pé ọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, ló ya ilé-ìwé orí omi fún àwọn ọmọ Mákòókó. Ọdún 2013 ni wọ́n parí ẹ̀. Igi ni wọ́n fi kàn án, alájà mẹ́ta ni, orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí àgọ́, dúróòmù oníke 256 ló sì gbé e dúró lórí ọ̀sà. Àjọ UNDP wà lára àwọn tó fowó sí i. Kò pẹ́ tí àwòrán ẹ̀ fi kún inú ìwé ìròyìn òkèèrè.

Nígbà tó di 2016, Adéyẹmí kọ́ ìkejì ẹ̀ sí Venice, ní Ítálì, níbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán ilé àgbáyé. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbé Kìnnìún Onífàdákà lé e lọ́wọ́. Háà, ayọ̀ ṣubú layọ̀! Àṣé ẹkún ń bọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́yìn òjò ńlá, ni ilé-ìwé ti Mákòókó bá wó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó fara pa. NLÉ, iléeṣẹ́ Adéyẹmí, ní àwọn ti ń múra àtitún un kọ́ ni.

Àwọn adájọ́ Venice kò purọ́ o. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n dá lẹ́jọ́: èrò tuntun, àti ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò mélòó ló ti rọ̀ lé e lórí?

Ibẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ Aga Khan, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni, owó ẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Ilé téèyàn ò bá tíì lò fún ọdún kan, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ṣa ìwọ̀nba díẹ̀ tán, wọ́n á rán onímọ̀ lọ síbi tí ilé wà gan-an, kó lọ fojú ara ẹ̀ rí i, kó tó di pé adájọ́ pinnu. Lọ́dún 2022, ọ̀kan lára àwọn tó yege ni Argo ní Tehran, olú ìlú Iran, iléeṣẹ́ bíà àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà.

Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, gbà á ní 2004 nítorí ilé-ìwé tó kọ́ sí Gando, abúlé ẹ̀. Kí ló fi kọ́ ọ? Amọ̀ ni o! Amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́. Ó gbé páànù sókè jìnnà sí àjà, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá, kí ooru má baà lu àwọn ọmọ pa. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Pritzker, tí òkìkí ẹ̀ kàn jákèjádò ayé.

Nítorí náà, ará Ìkìrun tàbí Òkukù tó bá fẹ́ kọ́lé, kó má wo ọ̀dà nìkan. Kó bi ẹni tó ń gbénú irú ilé bẹ́ẹ̀ pé ṣé ó ń rí oorun sùn nínú ooru oṣù kẹta, ṣé òrùlé ẹ̀ kì í jò bí òjò bá dé. Ẹni tó ń gbénú ilé ló mọ ibi tó ti ń jò. Adájọ́ tí kò bá bi í, ògiri lásán ló dá lẹ́jọ́.