Ariwo fáàfù kì í pa ẹ́ńjìnnì bí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀: bí a ṣe ń tún àlàfo fáàfù Peugeot 504 ṣe nílé

Láti Àjàṣẹ́ dé Pọ́bẹ̀ àti Kétu, ọjọ́ ti pẹ́ tí Peugeot 504 ti ń kó èrò àti ẹrù. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde, àwọn kan sì ṣì ń fi í jẹun. Awakọ̀ tó bá ń gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ lábẹ́ ìdérí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ a máa sọ fún mẹkáníìkì pé kó bá òun pa ariwo náà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Fáàfù mẹ́jọ, tí à ń pè ní soupape, ló wà nínú ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo bẹntiróòlù. Mẹ́rin ń jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, mẹ́rin yòókù ń tú èéfín jáde. Irin a máa gùn sí i bó bá gbóná, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin fáàfù àti apá irin tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, ẹ óò gbọ́ ariwo. Bí kò bá tó, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n fáàfù kò ní padé dáadáa. Iná á máa gba etí rẹ̀ kọjá títí yóò fi jó. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, agbára rẹ̀ á dínkù, wọn á sì ní láti tú orí ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà ní gáréèjì, owó ò wọlé.

Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá: fáàfù ìwọlé 0.10 mílímítà, fáàfù èéfín 0.25. Ti èéfín pọ̀ jù nítorí òun ló ń gbóná jù. 0.10 kò ju nínípọn bébà kan lọ, nítorí náà etí ò lè wọ̀n ọ́n. Ẹ ra àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ yọ okùn bátìrì kan. Ẹ tú bougie mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìdérí fáàfù. Ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kẹrin, kí ẹnì kan máa rọra tì í kí ẹ́ńjìnnì lè yí. Bí ẹ bá dúró, ẹ fi òkúta dí táyà.

Bí fáàfù èéfín 1 bá ṣí tán, ẹ tún ìwọlé 3 àti èéfín 4 ṣe.
Bí èéfín 3 bá ṣí tán: ìwọlé 4 àti èéfín 2.
Bí èéfín 4 bá ṣí tán: ìwọlé 2 àti èéfín 1.
Bí èéfín 2 bá ṣí tán: ìwọlé 1 àti èéfín 3.

Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì, kí ẹ fi tournevis yí ìdè àárín rẹ̀ títí irin ìwọ̀n yóò fi máa fà díẹ̀ láìhá. Ẹ di ìdè náà mú bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì tún un wọ̀n, torí ó sábà máa ń yẹ̀.

504 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní sì ń fi òróró ẹ́ńjìnnì tún àlàfo yìí ṣe fúnra wọn. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí ìró díẹ̀ bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Mẹkáníìkì tó bá ní etí lòun yóò fi ṣe é, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbóná, ẹ bi í pé irin ìwọ̀n rẹ̀ dà.