Bí Iṣẹ́ Ọnà àti Ẹ̀kọ́ Èdè Ṣe Pàdé ní Yunifásítì Ifẹ̀

Ní àwọn yunifásítì kan ní Yúróòpù, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba oyè kan ṣoṣo lórí ẹ̀kọ́ méjì: dìsáìnì ohun èlò, àti èdè pẹ̀lú àṣà ilẹ̀ mìíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó máa ṣe àga gbọ́dọ̀ mọ bí àwọn tó máa lò ó ṣe ń jókòó, orúkọ tí wọ́n ń pè é àti ìgbà tí wọ́n máa ń gbé e síta. Ní Ilé-Ifẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ méjèèjì sún mọ́ ara wọn, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ọwọ́ àjèjì ni yunifásítì náà ti kọ́kọ́ gba ìmọ̀ dìsáìnì, kó tó wá hàn sí àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé ìmọ̀ náà kò lè fìdí múlẹ̀ bí wọn kò bá gbé e ka èdè àwọn tó ni ìlú.

Ọdún 1961 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ìlú Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, nítorí wọn kò tíì kọ́ ọgbà tó wà ní Ifẹ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọgbà náà fún, A. A. Egbor tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sì bá a ṣe é. Ọdún 1900 ni wọ́n bí Sharon. Ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Dessau, ní Jámánì, ló ti kàwé, ilé-ẹ̀kọ́ tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní 1919. Wọn kì í ya àga, fìtílà, aṣọ híhun àti ilé kíkọ́ sọ́tọ̀ síra wọn níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ fọwọ́ kan igi, irin, gíláàsì àti òwú títí yóò fi mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó tó gbé gègé láti ya ohunkóhun. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló bá Sharon wọ Ifẹ̀.

Ó kọ́ oòrùn àti òjò ilẹ̀ Yorùbá dáadáa. Nínú àwọn ilé tó ṣe fún ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn, àjà òkè máa ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tí ilé náà fi fẹ̀ lókè tó sì há nísàlẹ̀. Orí òpó ni wọ́n gbé e lé, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí i pé òjìji àjà òkè ló ń bo ògiri ti ìsàlẹ̀. Bí òjò bá dé, fèrèsé lè wà ní ṣíṣí. Nígbà tí yunifásítì kó wá sí Ifẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1967, nígbà tí Hezekiah Olúwasanmí jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀, iṣẹ́ kíkọ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ọgbà náà wà lára àwọn tó dára jù lọ ní Áfíríkà, ó sì tọ́ sí ìyìn tí wọ́n ń fún un. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Sharon kò lè rí kó wá láti Dessau: bí àwọn Yorùbá fúnra wọn ṣe ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò, tí wọ́n fi ń sọ pé èyí dára, èyí kò dára.

Àárín ìlú ni ìdáhùn sí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1968, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ti yunifásítì náà, tí Michael Crowder jẹ́ olùdarí rẹ̀, dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀ ní àdúgbò Arùbídì ní Ifẹ̀. Ọlá Rótìmí ló ń darí eré níbẹ̀, Akin Euba ń rí sí orin, Peggy Harper ń rí sí ijó. Solomon Wangboje, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria àti ní Amẹ́ríkà, ló wà nídìí iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó ń gbẹ́ igi láti fi tẹ àwòrán sí bébà lè máa gbọ́ onílù àti òṣèré nítòsí. Kò sí ìwé-ẹ̀rí ńlá kan tí wọ́n ń gbà ní ibùdó yẹn, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yunifásítì ti kọ́kọ́ rí i pé ayàwòrán, akọrin àti apohùn lè jọ máa kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ohun tó ti wà lábẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà pín sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà, orin, eré orí ìtàgé, àti iṣẹ́ ọnà. Wándé Abímbọ́lá, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ẹsẹ Ifá, ló darí ẹ̀ka èdè kó tó di ọ̀gá àgbà yunifásítì láti 1982 sí 1989. Ẹ̀ka kan náà ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ́ni. Èdè Faransé ni Ìṣọ̀lá kà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó yí padà sí Yorùbá, ó sì yẹ kí a rántí èyí, nítorí àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó bá kọ́ èdè òkèèrè ti kẹ̀yìn sí tilé. Òun tó ka Faransé ló kọ *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, eré tó jáde ní 1970.

Iṣẹ́ Rowland Abíọ́dún ló so èdè mọ́ ọnà jù lọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i, ó kẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Zaria, ó sì kọ́ni ní Ifẹ̀ títí di àárín àwọn ọdún 1980. Ó takú pé ẹni tí kò bá gbọ́ oríkì, ẹsẹ Ifá àti ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń bá ara wọn sọ kò tíì rí ère náà, bó ti wù kó tẹjú mọ́ ọn tó. Nínú ìwé rẹ̀ *Yoruba Art and Language*, tó jáde ní 2014, ó fi ìrírí ìgbésí ayé rẹ̀ gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Lára ohun tó yẹ̀ wò láwọn iṣẹ́ rẹ̀ ni ojú inú, èyí tí oníṣẹ́ ọnà fi ń rí ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ kó tó fọwọ́ kan igi. Ojú ọnà, tí ó fi ń mọ bí apá kan ṣe yẹ kó bá èkejì mu. Àti ìfarabalẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yá ju ọpọlọ lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére àti alárọ ti ń lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n di ohun tí olùkọ́ lè fi yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò ní yunifásítì. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, náà ti gba irú ọ̀nà yìí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ló ń bi àwọn ará abúlé Yorùbá léèrè ìdí tí ère kan fi dára ju òmíràn lọ, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní 1973. 

Ìmọ̀ inú ìwé nìkan kò tó. Ní 1978, yunifásítì gba Lámídì Fákẹ́yẹ wọlé láti máa kọ́ni ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n sì bí i sí. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bámidélé ọmọ Àrẹògún ní ibi iṣẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ìjọba Faransé sì fún un ní owó ẹ̀kọ́ láti lọ sí Paris láàárín ọdún 1960 sí 1970. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ sọ́dọ̀ Fákẹ́yẹ yóò rí i bó ṣe ń fi àáké bẹ́ ìtì igi títí orí, ìgbáròkó àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn láìní ojú tàbí ìka, kó tó máa pín apá ńlá sí kéékèèké, kó tó fi ọ̀bẹ dán an, kó tó wá fín ilà, irun àti àpẹẹrẹ aṣọ sí i. Bí ọmọ bá fẹ́ fín ojú kí ìrísí tó dúró, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà nínú ọgbà yunifásítì, ọwọ́ Fákẹ́yẹ ló ti jáde. Ó kú ní ọdún 2009.

Àwọn obìnrin kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì lẹ́kọ̀ọ́ láìsí nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní àkókò ọdún òrìṣà náà. Moyọ̀ Òkédìjí, tó jáde ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 tó sì padà wá kọ́ni níbẹ̀, jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè, ó sì kọ̀wé nípa wọn. Ìdílé mẹ́ta péré ni àwọ̀ ní lójú Yorùbá: funfun, pupa àti dúdú. Pupa gba àwọ̀ òféèfèé àti ìyeyè mọ́ra. Dúdú gba àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé. Johannes Itten, tó kọ́ni ní Bauhaus ní ìbẹ̀rẹ̀, pín àwọ̀ sí méjìlá yí òbíríkítí ká, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà ní àgbáyé ń tẹ̀ lé. Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ tó mọ méjìlá láìmọ mẹ́ta kò ní lóye ìdí tí wọ́n fi kun ògiri yẹn bí wọ́n ti kùn ún, nítorí ìwà òrìṣà ló ń bá àwọ̀ rìn. Bọ́lájí Campbell tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí yìí; ìwé rẹ̀ lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ jáde ní 2008.

Ọ̀rọ̀ owó náà dá sí i. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà sì já wálẹ̀. Ọ̀dà àti kánfáàsì tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí ju agbára olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Amọ̀, ẹfun, èédú àti ewé kò gbówó lórí, ìmọ̀ bí a ti ń lò wọ́n sì wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Ní ọdún 1989, Òkédìjí, Kúnlé Fílàní, Tọ́lá Wèwè, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nàsírù dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Ifẹ̀ ló kọ́ wọn. Wọ́n mú àwọn àmì ara aṣọ àdìrẹ, ilẹ̀kùn fífín, ọpọ́n Ifá àti ògiri ojúbọ, wọ́n sì tún wọn tò sínú iṣẹ́ tuntun. Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe àdàkọ ohun àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹni tó bá ń ṣe nǹkan tuntun mọ ìtumọ̀ àmì tó ń lò, kó má kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí lọ sí òkè òkun lẹ́yìn náà. Abíọ́dún lọ sí Amherst College, Babátúndé Lawal, tí òun náà kọ́ni ní Ifẹ̀, lọ sí Virginia Commonwealth University, Òkédìjí wà ní Yunifásítì Texas ní Austin. Campbell lọ sí Rhode Island School of Design ní Providence, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1877 tí ẹ̀kọ́ dìsáìnì ohun èlò rẹ̀ lókìkí káàkiri àgbáyé. Níbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ bí a ti ń ṣe àga àti fìtílà lè jókòó gbọ́ nípa ọnà Yorùbá lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ ní Ifẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà mìíràn sì ti wá láti ọ̀nà jíjìn kọ́ èdè Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Fulbright-Hays, ètò ìjọba Amẹ́ríkà.

Nínú ọgbà Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, ètò ti yí padà. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ka èdè, ó sì ti wà ní ẹ̀ka ńlá Environmental Design and Management, pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ ilé yíyà, ilé kíkọ́ àti ètò ìlú. Èyí ní èrè tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe aṣọ tàbí ìkòkò ń bá àwọn tó ń ya ilé tí a ó kó wọn sí pàdé. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá, Faransé, Jámánì àti Potogí, àdánù ńlá sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ta àdìrẹ tuntun ní Kútọnu tàbí Lómé nílò Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àdìrẹ náà fi ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nílò Yorùbá tó jinlẹ̀ ju ti ọjà lọ. Yunifásítì náà ní òfin kan tó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ẹ̀kọ́ díẹ̀ láti ẹ̀ka ńlá mìíràn yàtọ̀ sí tirẹ̀, nípasẹ̀ rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ọnà sì lè padà sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ èdè lónìí.